Módúlù synth bíi pẹ́dàlì gìtá: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ tọ́ mi sọ́nà o

OkùnMẹ́fà
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà orin. Gìtá lèmi ń ta, mi ò mọ nǹkan kan nídìí synth tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo rí àwọn tó ń ki gìtá bọ inú Eurorack (irú synth tí wọ́n ń kó módúlù kéékèèké jọ sínú àpótí) tí ohùn ẹ̀ wá ń dún bí ohun tí mi ò gbọ́ rí, ni mo bá lọ ra àlòkù mẹ́rin: fílítà kan (tó ń gé lára ohùn), LFO kan (tó ń yí nǹkan sókè sódò fúnra ẹ̀), VCA kan (tó ń gbé ohùn sókè tó tún ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀), àti Clouds (tó ń gbá ohùn mú tó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́). Mo ra adápítọ̀ tó ń sọ ẹnu jáàkì gìtá di ẹnu kékeré ti módúlù, mo kì í bọ̀ ọ́, mo jókòó, mo ń retí ìyanu.

Haa. Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí eèrà ń sọ̀rọ̀. Mo ṣí áńpù sókè, híìsì ló gba gbogbo yàrá. Díẹ̀ tí mo tiẹ̀ gbọ́ nínú gìtá yẹn náà, ńṣe ló dún bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́nu. Mo wá yí resonance fílítà yẹn títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu fúnra ẹ̀, ìyẹn wọ inú pẹ́dàlì delay tí mo ní níwájú áńpù, gbogbo ẹ̀ fọ́ yángá, mo sáré yọ wáyà.

Kí ni mi ò ṣe? Àbí kí n tà wọ́n kí n lọ ra pẹ́dàlì jẹ́ẹ́jẹ́ mi?

BàbáWáyà
Àbúrò, má tíì tà wọ́n. Kò sóhun tó bàjẹ́, gìtá àti módúlù ò kàn gbọ́ èdè ara wọn ni. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra.

Àkọ́kọ́ ni bí ohùn ṣe tóbi tó. Gìtá tí ò lo bátìrì, tó o bá ta okùn ẹ̀ pẹ̀lẹ́, ohun tó ń jáde lè má ju 0.2 fólítì lọ láti ìsàlẹ̀ ìgbì dé òkè ẹ̀, humbucker (irú pickup kan, ìyẹn ohun tó ń gbọ́ okùn lára gìtá) tí wọ́n fi agbára lù lè kọjá fólítì kan. Módúlù ní tiẹ̀, ohùn inú ẹ̀ sábà máa ń lọ láti -5 dé +5, fólítì 10 gbáko nìyẹn. Ṣírò ẹ̀ wò, láti 0.2 dé 10, ìlọ́po 50 ni, bíi 34 dB. Híìsì tó ò ń gbọ́ yẹn, ti módúlù fúnra ẹ̀ ni, ó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, gìtá ẹ ni ò tóbi tó láti bò ó mọ́lẹ̀.

Ìkejì ló ń bo gìtá ẹ lẹ́nu. Ẹnu ọ̀nà áńpù àti ti pẹ́dàlì gìtá sábà máa ń jẹ́ 1MΩ, ti módúlù púpọ̀ ò ju 100kΩ lọ, bí nọ́ńbà yẹn bá sì ṣe kéré sí lẹrù ṣe ń wúwo sí fún gìtá. Pickup ò lè gbé irú ẹrù yẹn, ohùn òkè tó ń dán ló kọ́kọ́ máa ń sọnù. Tó bá ti sọnù, kò sí preamp (ohun tó ń gbé ohùn sókè) tó máa dá a padà, bó o bá gbé e sókè ìlọ́po 50, ohùn tó ti di ẹlẹ́nu bíbò náà lo gbé sókè.

Nítorí náà buffer, ohun tó máa gba ẹrù yẹn lọ́wọ́ gìtá, ló máa ṣáájú. Má sì lọ ra òmíì o, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn pẹ́dàlì Boss kéékèèké yẹn, kódà nígbà tó o bá pa wọ́n, buffer wà nínú wọn. Láti ibẹ̀ ó kan preamp tó máa gbé e dé ìwọ̀n módúlù. Doepfer ní A-119, Befaco ní Instrument Interface, torí ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n, méjèèjì tún ní envelope follower àti gate (iná ìdarí tó kàn ń ṣí tó ń tì) lára, èyí tó máa wúlò fún ẹ ju bó o ṣe rò lọ.

Tó bá ń jáde, wá sọ ọ́ kalẹ̀ padà. Pẹ́dàlì tó ń jẹ 9 fólítì ò láyè fún ohùn tó ga tó 10, ìdí tí delay ẹ fi pariwo nìyẹn. Attenuator ṣákálá kan tó. Kó o tó tan áńpù, yí i dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kó o wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Etí kò ní spare part.

OkùnMẹ́fà
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Àṣé gbogbo owó tí mo ná yẹn, ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ rà ni mi ò rà.

Gbọ̀ngàn_tútù
Ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ ra buffer, ẹ ra preamp, ẹ ra attenuator, ẹ ra àpótí, ẹ ra ohun tó ń fún un níná, kẹ́ ẹ tó wá gbọ́ trẹ́mólò tí pẹ́dàlì kan ṣoṣo ń ṣe. Tẹ ẹ́, ó dún, tẹ ẹ́, ó dákẹ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ ń fìyà jẹ ara yín?

ÌyáFọ́ọ̀sì
@Gbọ̀ngàn_tútù tó bá jẹ́ trẹ́mólò lásán, mo wà lẹ́yìn yín, pẹ́dàlì ni. Delay lásán, pẹ́dàlì. Ẹni tó bá kó LFO sínú VCA tó wá ń pe ara ẹ̀ ní onímọ̀, ó ti fi owó ra wàhálà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú èmi wọ inú ẹ̀. Lára pẹ́dàlì, ẹni tó ṣe é ti bá yín pinnu ohun tó máa darí ohun tó kù. Nínú módúlù, ẹ̀yin lẹ máa pinnu ẹ̀, ohun tó sì yẹ kó máa darí ẹ̀ fún onígìtá ni ọwọ́ ara ẹ̀. Envelope follower tí BàbáWáyà dárúkọ yẹn, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wo bẹ́ ẹ ṣe ń ta okùn le tó, ó wá ń sọ ọ́ di iná ìdarí tó ń lọ sókè sódò. Ẹ gbé iná yẹn sí cutoff fílítà (ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohùn), auto-wah (wah tí ọwọ́ yín ń ṣí dípò ẹsẹ̀) lẹ ní yẹn, pẹ́dàlì Mu-Tron III ti ṣe é láti 1972, kì í ṣe nǹkan tuntun. Ibi tó ti dùn ni kẹ́ ẹ yí i dà. Ẹ fi inverter sí i kó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ṣe ń le mọ́ ọn ni ohùn ń ṣókùnkùn sí i, kó wá máa là bọ̀ bí okùn ṣe ń kú lọ. Tàbí kẹ́ ẹ gbé iná tẹ́ ẹ yí dà yẹn sí VCA tó wà lẹ́yìn delay, delay á dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ta gìtá, ẹ dáwọ́ dúró báyìí ló máa wọlé dé. Ìyẹn ni mo fi ń ta gbogbo orin tó falẹ̀, ohùn ò ní dà rú mọ́ ara wọn láé.

Ohun kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nìyí o, torí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sọ̀rọ̀ òdì sí módúlù tí kò ṣẹ̀ mí. Tẹ́ ẹ bá ní fọ́ọ̀sì (fuzz, pẹ́dàlì tó ń fọ́ ohùn) tàbí compressor (tó ń mú ohùn dọ́gba) níwájú, ẹ má jẹ́ kí follower gbọ́ ti ẹ̀yìn wọn. Fọ́ọ̀sì ti tẹ gbogbo ẹ̀ pẹrẹsẹ, pẹ̀lẹ́ àti agídí ti di ọgbọọgba, kí ni follower fẹ́ tẹ̀ lé? Ẹ pín gìtá sí méjì lẹ́yìn buffer, ẹyọ kan lọ tààrà sí follower láìfi nǹkan kan kàn án, èkejì lọ sí fọ́ọ̀sì, ó wá gba fílítà kọjá. Ọjọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni gìtá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

OníÒjé
Kí n fi kan kún ti Ìyá. Tẹ́ ẹ bá gé àkókò tí follower fi ń sọ̀ kalẹ̀ kúrú jù, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí okùn tó nípọn. Okùn E ìsàlẹ̀, 82 Hz ni, ìgbì ẹyọ kan ń gba bíi ìdá méjìlá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, follower tó bá yára ju ìyẹn lọ á máa tẹ̀ lé ìgbì fúnra ẹ̀ dípò kó máa tẹ̀ lé ọwọ́ yín, fílítà á wá máa dún gbọrọgbọrọ bí ẹni ń fi omi fọ ọ̀nà ọ̀fun. Tí módúlù yín ò bá ní nọ́ọ̀bù fún un, slew limiter, tó ń mú kí iná ìdarí rọra rìn, láàárín follower àti fílítà ló máa tù ú lára.

Ẹ̀yin tuntun, ọ̀rọ̀ iná náà o. Ẹ má gbìyànjú láti fi ohun tó ń fún pẹ́dàlì níná ṣe módúlù. Pẹ́dàlì ń jẹ 9 fólítì apá kan ṣoṣo, Eurorack ń jẹ +12 àti -12 pa pọ̀, nígbà míì ó tún ń fẹ́ +5. Ẹ ka iye mA tí módúlù kọ̀ọ̀kan ń jẹ, ẹ rò wọ́n pọ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ kù dáadáa. Wáyà pẹlẹbẹ tó ń gbé iná, ìlà pupa ara ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ -12. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn módúlù, ẹ tún un wò, ẹ pe ẹlòmíì wá wò ó. Èmi yìí tí mò ń sọ̀rọ̀, mo ti fi òru ki ọ̀kan bọ̀ ọ́ lódì rí, òórùn tó jáde lára ẹ̀, mi ò gbàgbé.

ẹlẹ́sẹ̀_kan
Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, orí tábìlì nínú ilé ló dáa sí. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń gbé e lọ síwájú èèyàn sọ tèmi.

Módúlù ò ní ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ìṣòro àkọ́kọ́ nìyẹn. Ohun tí mò ń lò ni pẹ́dàlì looper oníbọ́tìnì kan, kì í ṣe èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀ o, èyí tó ní send àti return. Gìtá wọ ibẹ̀, send lọ sí buffer àti preamp, ó gba inú módúlù kọjá, ó bọ́ sí attenuator, ó padà sí return, ó jáde lọ sí áńpù. Gbogbo ohun tó ń gbé ohùn sókè tó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú loop yẹn, kó lè jẹ́ pé tí iná módúlù bá kú láàárín orin, ẹ kàn máa tẹ bọ́tìnì ni, gìtá yín á tún jáde lódindi. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́tìnì yẹn ló bò mí láṣìírí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ohùn tí módúlù ti kàn àti èyí tí kò kàn ga bákan náà. Attenuator ni kẹ́ ẹ fi bá a dọ́gba, ẹ fi etí yín ṣe é, ẹ má fi iná pupa ara módúlù ṣe é.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ darí nǹkan, A-177 ti Doepfer wà fún pẹ́dàlì expression, á sọ ẹsẹ̀ yín di iná ìdarí, mo gbé tèmi sí feedback delay. Nọ́ọ̀bù ara módúlù, ẹ gbàgbé ẹ̀ níwájú èèyàn, ọwọ́ méjèèjì ń bẹ lára gìtá. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò wáyà yín kẹ́ ẹ tó tú u, mo ń bẹ̀ yín.

Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ o. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣeré fi bàtà kọ́ wáyà mi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, orin ń lọ, ohùn gìtá di fèrè, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ọmọ_D7
Ẹ kú àlàyé ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè tèmi rèé, ṣé mo lè fi gìtá darí oscillator (módúlù tó ń dá ohùn fúnra ẹ̀), kó jẹ́ pé note tí mo bá tẹ̀ ni synth náà máa kọ?

BàbáWáyà
Ó ṣeé ṣe, àmọ́ má gbé ọkàn lé e púpọ̀. Módúlù tó ń sọ note di iná ìdarí wà, ṣùgbọ́n note kan ṣoṣo ló ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó o bá ta kọ́ọ̀dù á ya wèrè. Ó tún ń pẹ́ kó tó dáhùn. Ṣebí OníÒjé ti ṣírò ìgbì okùn E níbẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ rí ìgbì tó tó méjì kó tó dá a lójú pé note báyìí ni, ìdá márùndínlọ́gbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ti lọ nìyẹn, ọwọ́ ẹ á sì mọ̀ ọ́n lára. Òkè ọrùn gìtá ló dáa sí. Ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pa okùn tó kù lẹ́nu, yí tone gìtá wálẹ̀.

Ohun tí mo máa ní kó o ṣe dípò ẹ̀ ni ring modulator. Gìtá wọ apá kan, oscillator wọ apá kejì, ohun tó jáde ni àròpọ̀ àti ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Tó o bá ta A tó jẹ́ 440 Hz tí oscillator wà ní 100, 540 àti 340 ló máa jáde, wọn ò bá ara wọn tan rárá, ló ṣe máa ń dún bí agogo. Tó o bá wá jẹ́ kí oscillator rọra falẹ̀ dé 5 Hz, ó ti di trẹ́mólò nìyẹn. Ẹ̀rọ kan náà, nọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lo yí.

Gbọ̀ngàn_tútù
Èyí tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yìí dùn mọ́ mi nínú díẹ̀ o, mi ò parọ́. Ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè dán an wò láìnáwó?

OníÒjé
Ó wà. VCV Rack, láti 2017 ló ti wà fún kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni èyí téèyàn máa fi bẹ̀rẹ̀, módúlù gidi ni wọ́n yàwòrán ẹ̀ síbẹ̀ tẹ́ ẹ ó máa fi wáyà so wọ́n. Émilie Gillet tó dá Mutable Instruments sílẹ̀, àwọn tó ṣe Clouds, ṣí àwòrán iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, torí ẹ̀ ni ẹ̀dà Clouds fi wà níbẹ̀, lábẹ́ orúkọ míì. Ẹ fi audio interface (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà) tó ní ẹnu ọ̀nà Hi-Z (èyí tí wọ́n ṣe fún gìtá) ki gìtá bọ̀ ọ́, ẹ lò ó fún oṣù kan. Módúlù tẹ́ ẹ bá rí pé ẹ ò lè ṣe láìní, ìyẹn lẹ lọ rà.

Ìdúró díẹ̀ máa wà láàárín ọwọ́ yín àti etí yín, kọ̀ǹpútà ló ń fà á, ẹ má fi ìyẹn dá módúlù lẹ́jọ́.

ÌyáFọ́ọ̀sì
Ẹni tí kò bá fẹ́ àpótí rárá, Moogerfooger náà wà, pẹ́dàlì ti Moog tó jáde láti 1998, ẹnu CV (ti iná ìdarí) wà lára wọn. Wọn ò ṣe é mọ́ láti 2018, àlòkù lẹ máa wá. Pẹ́dàlì òde òní mélòó kan náà ń gba CV, àmọ́ ẹ ka ìwé tó bá a wá kẹ́ ẹ tó ki nǹkan bọ̀ ọ́, púpọ̀ wọn 0 sí 5 ni wọ́n fẹ́, LFO yín sì ń lọ sí -5. Ẹnu expression lásán kì í ṣe ẹnu CV o, bí wọ́n tiẹ̀ jọra.

OkùnMẹ́fà
Mo ti dé o!! Mo fi pẹ́dàlì chorus mi síwájú, mo pa á, mo lò ó bíi buffer, mo rí A-119 àlòkù ra, ohùn gìtá padà dán bó ṣe yẹ kó dán, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ṣe èyí tí Ìyá sọ, bí mo bá ṣe ń le mọ́ ọn kó máa ṣókùnkùn. Mo jókòó ti ohùn kan ṣoṣo yẹn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ti sú àwọn ará ilé mi.

Nǹkan méjì ló kù. Mo ṣì ń gbọ́ híìsì nígbà tí mi ò bá ta nǹkan kan. Ó tún ń kùn hùùù nísàlẹ̀, àmọ́ tí mo bá yọ wáyà tó lọ sí áńpù tí mo fi hẹ́ẹ̀dìfóònù gbọ́ ọ látinú módúlù, kò kùn mọ́.

BàbáWáyà
Híìsì: gbogbo gbígbéga ẹ, jẹ́ kó wá láti A-119, má ṣe díẹ̀ níbẹ̀ kó o tún wá gbé e sókè lẹ́yìn fílítà, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn lo ti gbé e, híìsì fílítà lò ń gbé pọ̀ mọ́ ọn. Yí i títí iná tó ń kìlọ̀ fi máa tàn fìrí nígbà tó o bá ta á le gan-an, kó o wá dín in kù díẹ̀. VCA ẹ tó jókòó lásán yẹn, fi sí ìparí pátápátá, gbé follower sí i láìyí i dà, tó ò bá ta gìtá ó ti ilẹ̀kùn mọ́ híìsì. Má jẹ́ kó yára tì jù, kò ní jẹ́ kí okùn kú bó ṣe yẹ.

OníÒjé
Kíkùn yẹn, ohun tó ń fún módúlù níná àti áńpù ń fi ọ̀nà méjì kan ilẹ̀ ni, hẹ́ẹ̀dìfóònù tó o fi dán an wò ti sọ ọ́ fún ẹ. Kọ́kọ́ ki àwọn méjèèjì bọ ojú iná kan náà. Tó bá ṣì ń kùn, àpótí reamp tó ní transformer nínú, kó wà láàárín módúlù àti áńpù, ó máa gé okùn ilẹ̀ yẹn, á tún sọ ohùn kalẹ̀ fún ẹ níbẹ̀. Má gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ ara plọ́ọ̀gì o, ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn ẹ.

OkùnMẹ́fà
Ojú iná kan náà ló yanjú ẹ̀ o, ó dákẹ́ lọ báyìí. Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ó wá ku Clouds, mi ò tíì mọ ohun tí mo máa fi ṣe, mo kàn ń yí nọ́ọ̀bù ẹ̀ kiri ni.

ÌyáFọ́ọ̀sì
Gate A-119, fi sí ẹnu Freeze. Yí threshold ẹ̀ sókè kó jẹ́ pé ìgbà tó o bá ta okùn le nìkan ló máa ṣí. Tó o bá ń ta á pẹ̀lẹ́, gìtá ń kọjá lọ bó ṣe ń lọ, ta ẹyọ kan le báyìí, ó máa gbá ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá mú, á dì í mú títí okùn yẹn á fi rọlẹ̀. Gbé Blend ẹ̀ sí àárín. Kó o wá padà wá sọ fún wa lọ́la, tó o bá ti sùn.